Àtọ̀gbẹ lẹ́yìn iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà: ta ni VA ń sanwó fún, èló sì ni?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò yín ni mo jẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ló ti sú mi tí mo fi sá wá bá yín. Mo wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ní 2010 nípasẹ̀ MAVNI, ètò tí wọ́n fi ń gba àwa àjèjì tó gbọ́ èdè tí wọ́n ń wá nígbà náà. Yorùbá tí mo ń sọ ló gbà mí wọlé. Mo dé Kuwait, mo dé Afghanistan, mo bọ́ aṣọ sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2016.

Ní oṣù Kẹjọ 2017, ibi iṣẹ́ tuntun ní kí n lọ ṣàyẹ̀wò ara. A1C mi, ìyẹn ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 6.8. Dókítà ní kí n dín ẹ̀bà àti ìrẹsì kù, kí n sì pa mínírà tì. Kò fún mi lóògùn kankan. 2019 ni dókítà mìíràn tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àtọ̀gbẹ ni, tó fi mí sórí metformin, oògùn ṣúgà oníhóró. Ní báyìí mo tún ń gún abẹ́rẹ́ Ozempic lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Mo béèrè owó àìlera lọ́wọ́ VA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn sójà tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní rárá, pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí mo kúrò ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, kò kan iṣẹ́ ológun. Mo bá wọn sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù agẹrun. Ẹnì kan ní PACT Act, òfin fún àwọn sójà tó fara kan májèlé lẹ́nu iṣẹ́, ti kó gbogbo wa wọlé. Èkejì ní ẹni tó bá ti ń gún abẹ́rẹ́, 40% ni tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ní kí n bẹ dókítà kó fi mí sórí insulin kí owó lè pọ̀. Mo délé, ìyàwó mi ní kí n fi owó ìjọba sílẹ̀ jàre. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn?

*

Má gbọ́ ti ẹnì kankan nínú wọn. Ti ìyàwó rẹ, n óò padà sí i.

Ọ̀rọ̀ méjì lo lọ́ mọ́ra. Ọ̀kan ni pé, ṣé VA gbà pé àìsàn yìí kan iṣẹ́ ológun rẹ? Èkejì ni pé, bí wọ́n bá gbà, ìdá mélòó ni wọ́n máa bù fún ọ, ìyẹn ìwọ̀n bí àìlera náà ṣe le tó tí wọ́n fi ń ṣírò owó? Abẹ́rẹ́ o, insulin o, Ozempic o, abẹ́ ìkejì ni gbogbo wọn wà. Wọ́n ti já ọ sílẹ̀ ní àkọ́kọ́, ìwọ wá ń jà lórí ìkejì.

Òfin sọ pé àwọn àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ kan wà tó jẹ́ pé, bí wọ́n bá yọjú láàárín ọdún kan tí sójà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, VA á kà á sí pé ẹnu iṣẹ́ ló ti kó o. Àtọ̀gbẹ wà lára wọn, ìbáà jẹ́ irú kìíní, ìbáà jẹ́ irú kejì. Ọ̀nà yìí kò ní í ṣe pẹ̀lú ogun Vietnam, kò ní í ṣe pẹ̀lú èéfín, tí n óò dé orí wọn níwájú. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí o ti ṣiṣẹ́ tó àádọ́rùn-ún ọjọ́, kí àìsàn náà sì ti dé ìwọ̀n 10% láàárín ọdún kan yẹn. Kí ni 10% nínú ìwé wọn? Àtọ̀gbẹ tó jẹ́ pé ṣíṣọ́ oúnjẹ nìkan la fi ń kápá rẹ̀. Kò sí hóró oògùn níbẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́.

Wá ka ohun tí ìwọ fúnra rẹ kọ. Láti oṣù Kẹwàá 2016 sí oṣù Kẹjọ 2017, ọdún kan kò tíì pé. A1C rẹ jẹ́ 6.8, bẹ́ẹ̀ láti 6.5 lọ sókè ni àwọn dókítà ti ń pè é ní àtọ̀gbẹ. Dókítà ní kí o ṣọ́ ẹnu. Ìyẹn gan-an ni 10%! Pé kò dárúkọ àìsàn náà nígbà yẹn kò ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá. Òfin gbà kí àmì àìsàn ti hàn láàárín ọdún náà, kí orúkọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e láìpẹ́ jù. “Láìpẹ́ jù” yìí ni wọ́n máa bá ọ fà, torí 2019 jìnnà díẹ̀. Wọ́n tún lè sọ pé àyẹ̀wò ẹyọ kan kò tó, pé dókítà máa ń fẹ́ ìkejì kó tó fọwọ́ sọ̀yà.

Nítorí náà ìbéèrè tèmi nìyí: ìwé àyẹ̀wò 2017 yẹn, ṣé o fi ránṣẹ́ sí VA? Mo fura pé 2019 nìkan ni wọ́n rí. Lọ wá a. Odindi ojú ìwé tí yàrá àyẹ̀wò tẹ̀ jáde ni mo ń wí o, kì í ṣe lẹ́tà tó ní “ara rẹ le, máa bọ̀ níbi iṣẹ́”.

*

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé sábẹ́ ìbéèrè àbúrò yìí, tí ẹ ń pariwo PACT Act, ẹ rọra.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ẹnì kan ní òun jókòó ti kòtò tí wọ́n ti ń sun ìdọ̀tí ní Bagram ní Afghanistan, pé ó yẹ kí ṣúgà òun wọlé. Ó lè yẹ, àmọ́ kò sí nínú ìwé. Òfin tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 2022 ní apá méjì tí àwọn èèyàn ń pò pọ̀. Apá ti èéfín, fún àwọn tó dé Iraq, Kuwait, Afghanistan àti agbègbè wọn, kó oríṣiríṣi jẹjẹrẹ àti àìsàn imú, ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró wọlé. Àtọ̀gbẹ kò sí níbẹ̀. Apá ti Agent Orange, oògùn tó ń pa ewéko tí wọ́n lò nígbà ogun Vietnam, ni àtọ̀gbẹ wà, ó sì ti wà níbẹ̀ láti 2001. Ohun tí PACT Act fi kún apá yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní MGUS, àti àwọn ibi tuntun tí wọ́n kà mọ́ ọn.

Bí àtọ̀gbẹ ṣe débẹ̀ nìyí, torí ẹnì kan ní òṣèlú lásán ni. Láti 1962 títí di 1971 ni ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà ń fọ́n oògùn tó ń pa ewéko sórí igbó Vietnam, kí ọ̀tá má baà ríbi sápamọ́ sí. Májèlé dioxin tí wọ́n ń pè ní TCDD wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ nínú ọ̀rá ara èèyàn. Wọ́n ṣèwádìí lórí àwọn tó fi ọkọ̀ fọ́n ọn. Ní oṣù Kẹwàá 2000, ìgbìmọ̀ Institute of Medicine sọ pé ẹ̀rí wà, bó tilẹ̀ kéré, pé ó tan mọ́ àtọ̀gbẹ irú kejì. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni VA fi í sínú ìwé. Irú kejì nìkan o. Ẹni tó bá ní irú kìíní kò lè gba ọ̀nà yẹn wọlé.

Ohun tí PACT Act lè ṣe fún ọ̀rẹ́ wa ti Bagram ni pé, bí ìwé iṣẹ́ rẹ̀ bá fi hàn pé ó wà níbi tí májèlé wà, tó sì ní ìwé pé òun ní àtọ̀gbẹ, ó yẹ kí VA fi í han dókítà, kí wọ́n gbọ́ ohun tí dókítà rí sí i, kí wọ́n tó sọ pé rárá. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ohun tó lè dìrọ̀ mọ́.

*

Àǹtí tó kọ̀wé láti North Carolina, ẹ kú àníyàn. Fún àwọn tí kò tíì ka ọ̀rọ̀ wọn: bàbá ọkọ wọn, ọmọ Amẹ́ríkà dúdú, se oúnjẹ fún àwọn ológun òfuurufú ní Korat ní Thailand ní 1969 sí 1970. Ó ti pẹ́ tí bàbá ti ń lo oògùn ṣúgà. Ní 2012 wọ́n já ìwé rẹ̀ sílẹ̀ torí pé inú ilé ìdáná ló wà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ògiri bárékè. Bàbá bínú, ó ní ọwọ́ òun kò tún ní kọ lẹ́tà sí ìjọba mọ́ láéláé.

Ẹ sọ fún bàbá pé òfin tó lé e nígbà yẹn kọ́ ló wà lónìí. Láyé ìgbà yẹn, àwọn tó ń ṣọ́ ògiri, àwọn tó ń fa ajá ọlọ́pàá kiri, irú wọn ni VA ń gbà ní Thailand, torí etí ògiri ni wọ́n ti ń fọ́n oògùn igbó. Láti 2022, ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní bárékè ní Thailand láàárín ọjọ́ 9 oṣù Kìíní 1962 sí ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 1976 ti wọlé. Kúùkù, akọ̀wé, mẹkáníìkì, kò sí ìyàtọ̀. Bákan náà ni àwọn tó wà ní Guam tàbí American Samoa títí di ọjọ́ 31 oṣù Keje 1980, Johnston Atoll láàárín 1972 sí 1977, àti àwọn ibì kan ní Laos àti Cambodia. Àwọn ọmọ ogun ojú omi tí ọkọ̀ wọn kò kan èbúté Vietnam ti wọlé tiwọn láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2020.

Ẹni tó ní kí ẹ wá dókítà tó máa kọ lẹ́tà pé Agent Orange ló fà á, ẹ má dá a lóhùn. Bàbá kò nílò rẹ̀. Ohun méjì ni wọ́n fẹ́: ìwé pé ó wà ní Thailand nígbà náà, àti ìwé dókítà pé àtọ̀gbẹ irú kejì ni. DD214, ìwé tí wọ́n fi ń dá sójà sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, nígbà mìíràn kì í dárúkọ Thailand. Ẹ wá ìwé àṣẹ ìrìnnà, ìwé tí ọ̀gá fi ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò lọ́dọọdún, tàbí ìwé owó oṣù ìgbà yẹn. Bó bá sì ti ní àìsàn náà ṣáájú kí òfin tó yí padà, owó rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kan ṣáájú ọjọ́ tó fi ìwé tuntun sílẹ̀. Torí náà gbogbo oṣù tí bàbá fi ń bínú, owó oṣù kan ń lọ.

Ó tún kan màmá. Bí VA bá ti gba àtọ̀gbẹ náà wọlé, tó wá di pé òun tàbí ohun tó bí ló gbẹ̀mí bàbá, owó opó wà. Mo mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kì í fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí lójú alàgbà. Ọkọ yín ni kó sọ ọ́, baba tirẹ̀ ni.

*

Ó yá, 40% tí wọ́n sọ fún àbúrò ní ṣọ́ọ̀bù agẹrun.

Bí wọ́n ṣe tò ó nìyí. Oúnjẹ ṣíṣọ́ nìkan, 10%. Oògùn hóró àti oúnjẹ ṣíṣọ́, 20%. Insulin lójoojúmọ́ àti oúnjẹ ṣíṣọ́, 20% náà ni! Ẹ tún un kà. Ẹni tó ń gún insulin láàárọ̀ lálẹ́ àti ẹni tó ń gbé metformin mì lè wà lójú kan náà. Ohun tó ń gbé èèyàn dé 40% ni ìkẹta tó gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú insulin àti oúnjẹ: kí dókítà ti ní kí o yẹra fún iṣẹ́ agbára àti eré tó le, nítorí ṣúgà rẹ. Fún 60%, kí ṣúgà tún ti dá ọ dúró sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, tàbí kí o máa rí dókítà àtọ̀gbẹ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, kí àtọ̀gbẹ náà sì ti bí àìsàn mìíràn. 100% ju ìyẹn lọ, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká débẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé, dókítà wo ló ń ní kí alátọ̀gbẹ jókòó? Ìrìn ni gbogbo wọn ń pàṣẹ. Ìwé tó yẹ kó gbé ọ dé 40% kan náà ni wọ́n ti kọ “máa ṣeré ìdárayá” sí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ máa ṣàlàyé fún VA fúnra yín pé ẹ kò lè gbé ẹrù mọ́, ilé ẹjọ́ àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì ti dáhùn ní 2007 nínú ẹjọ́ Camacho: ẹ̀rí ìṣègùn ni wọ́n fẹ́.

Mo jókòó ti bọ̀dá kan, ọmọ Abẹ́òkúta, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí. Insulin ló ń lò. Bó bá gbé ẹrù tó wúwo títí, ṣúgà rẹ̀ á já wálẹ̀, á máa làágùn, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ìgbà kan wà tí wọ́n bá a nílẹ̀ láàárín àwọn páálí. Ọ̀gá rẹ̀ mọ̀, ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Dókítà rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bi í pé báwo ni, “a dúpẹ́” ló ń sọ. Fọ́ọ̀mù tí dókítà ń kún fún VA ní ìbéèrè kan pé, ṣé ó di dandan kí aláìsàn dín iṣẹ́ ara kù kí ṣúgà rẹ̀ má baà dàrú? Bó bá jẹ́ “bẹ́ẹ̀ ni”, dókítà gbọ́dọ̀ kọ àpẹẹrẹ sí abẹ́ rẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ kọ́” ni wọ́n mú fún bọ̀dá yìí. Ó padà lọ bá dókítà tirẹ̀, kò lọ bẹ̀bẹ̀, ó kàn ro ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún un. Dókítà bínú sí i pé kí ló dé tó fi gbé e pamọ́, ó kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ pé kó yé gbé ẹrù, ó sì kọ ìdí rẹ̀. Ìwé yẹn ni VA ń wá.

Ozempic ńkọ́? Abẹ́rẹ́ ni, kì í ṣe insulin. Àbúrò, ojú 20% ni ìwọ wà, bí wọ́n bá gbà ọ́ wọlé.

Ẹni tó ní kó lọ bẹ̀bẹ̀ fún insulin nítorí owó, kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀. Insulin tí ara kò béèrè lè pa èèyàn lójú oorun. A sì ti rí i pé insulin nìkan kò tilẹ̀ mú owó kúrò ní 20%. Ẹ̀mí lẹ fẹ́ fi ta tẹ́tẹ́, kò sì sí nǹkan kan lórí tábìlì!

*

Ẹsẹ̀ yín lẹ gbàgbé.

Òótọ́ ni mo ń sọ. Ẹ jókòó ẹ ń jà lórí 20 àti 40, bẹ́ẹ̀ VA ń wọn ohun tí àtọ̀gbẹ bí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yàtọ̀ sí àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń kú, tó ń ta bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un lóru, ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀tún, ọ̀tọ̀ ni ti òsì. Ọwọ́ bákan náà. Kíndìnrín. Ojú. Ọkùnrin tí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, owó àkànṣe kan wà fún un lórí ti tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní sọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ẹ̀yin àti dókítà nìkan lẹ jọ mọ̀.

Bí àyẹ̀wò ẹsẹ̀ ṣe ń lọ nìyí, kó má baà bá ẹ lójijì. Wọ́n á ní kí o bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kí o pa ojú dé. Dókítà á mú okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, á fi tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ títí okùn náà á fi tẹ̀ kọrọdọ, á sì bi ọ́ pé ṣé o mọ̀ ọ́n lára. Á tún gbé irin tó ń gbọ̀n lé ọ lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, kó mọ̀ bóyá o mọ ìgbà tó dáwọ́ dúró. Àwọn ọkùnrin wa á máa ṣe akọ, wọ́n á méfò: “Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ ọ́n.” Má méfò. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, dákẹ́.

Ìṣirò wọn kò rí bí ẹ ṣe rò. Ká ní àtọ̀gbẹ jẹ́ 20%, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20%. Àpapọ̀ rẹ̀ kì í ṣe 60%. Wọ́n ń ṣe é bí ẹni ń gé iṣu: wọ́n á gé ti àkọ́kọ́, ara èyí tó kù ni wọ́n á ti gé ìkejì. Ẹsẹ̀ méjèèjì á jẹ́ 36. Nítorí pé ọ̀tún àti òsì ni, wọ́n á fi ìdá mẹ́wàá rẹ̀ kún un, 3.6, ó di 39.6, wọ́n á pè é ní 40. Ó ku 60; 20% rẹ̀ jẹ́ 12. 40 àti 12 jẹ́ 52, wọ́n á sún un sí 50%.

Ní 2025, ẹni tí kò ní ìyàwó tàbí ọmọ lábẹ́ rẹ̀ gba dọ́là 346.95 lóṣù lórí 20%, 774.16 lórí 40%, 1,102.04 lórí 50%. Láti 30% lọ sókè, wọ́n á fi ti ìyàwó àti ọmọ kún un. Kò sí owó orí lórí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí mo fi ní kí ẹ yé sunkún 40%? Ẹni tó ní ìwé ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ti kọjá ibẹ̀ láìfọwọ́ kan insulin.

*

“Àfi kí a gbà pé oúnjẹ wa ló fà á. Bàbá mi ní i, ẹ̀gbọ́n mi ní i, kí ló kan sójà?” Èyí wá láti Houston.

Dókítà VA náà máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ìdílé rẹ̀ ní i, ó sì sanra. Lójú tèmi, gbólóhùn yẹn ló ń pa ìwé àwọn èèyàn wa jù. Àmọ́ ibi tó ti lágbára àti ibi tí kò ti lágbára yàtọ̀. Fún bàbá Thailand, tàbí ẹni tí tirẹ̀ yọjú láàárín ọdún kan, ìdílé kò sábà dí i lọ́wọ́, torí òfin ti sọ tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ ológun ni kí wọ́n kà á sí. Ẹni tí kò bá sí lábẹ́ méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wá ẹ̀rí ohun tó so ó pọ̀ mọ́ iṣẹ́.

Ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Agbẹjọ́rò àgbà VA kọ ọ́ ní 2017 pé sísanra fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn tí wọ́n ń sanwó lé lórí, ṣùgbọ́n ó lè wà láàárín ohun méjì. Orúnkún rẹ bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, VA sì ti gbà á. O kò lè rìn dáadáa mọ́, o sanra, sísanra yẹn mú àtọ̀gbẹ wá. Bí dókítà bá lè ṣàlàyé ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó lè wọlé. Oògùn náà ńkọ́? Prednisone máa ń gbé ṣúgà sókè. Àwọn oògùn ọpọlọ bí olanzapine máa ń mú kí ara tóbi. Bó bá jẹ́ àìsàn tí VA ti gbà ni wọ́n torí rẹ̀ fún ọ ní oògùn náà, ẹ wo ibẹ̀ dáadáa.

Dókítà kò ní láti búra. Bí ọ̀rọ̀ bá dọ́gba, àádọ́ta sí àádọ́ta, ọ̀dọ̀ sójà ni òfin ní kó tẹ̀ sí. Ohun tí kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni lẹ́tà onílà kan, “mo gbà pé iṣẹ́ ológun ló fà á”, láìsọ ìdí.

*

Ìyàwó rẹ, àbúrò. Bá mi kí i. Sọ fún un pé owó àánú kọ́ ni. Wọn kì í béèrè iye tó wà ní báńkì rẹ, wọn kì í sì í dá iṣẹ́ tí o ń ṣe dúró nítorí rẹ̀. Àdéhùn tó wà nínú iṣẹ́ tí o fi ara ṣe ni, bí owó oṣù ṣe jẹ́ àdéhùn. Bí kò bá ṣì fẹ́, ilé yín ni, ẹ jọ yanjú rẹ̀.

*

Ẹnì kan fi nọ́ńbà fóònù ẹni “tó máa gba 100% fún yín” síbí. Mo bẹ alábòójútó kó yọ ọ́, wọ́n sì ti yọ ọ́.

Kò sí ẹni tí òfin gbà láyè láti gba owó lọ́wọ́ yín torí pé ó bá yín fi ìwé àkọ́kọ́ sílẹ̀. Agbẹjọ́rò tí VA mọ̀ lè gbowó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dá ẹjọ́ kan tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ìyẹn sì ní ìwọ̀n. Àwọn tó ń sọ pé ẹ fi owó oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún àwọn, ẹ sá fún wọn. DAV, VFW, American Legion, ẹgbẹ́ àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, gbogbo wọn ní òṣìṣẹ́ tó ń bá èèyàn kún fọ́ọ̀mù lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan nínú wọn mọṣẹ́, àwọn kan kò mọ̀ ọ́n; bí ti àkọ́kọ́ kò bá ka ìwé yín, ẹ bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

*

Bàbá tó fẹ́ padà sí Ìbàdàn: bẹ́ẹ̀ ni, owó náà á máa bá yín bọ̀ nílé. Fún ìtọ́jú àtọ̀gbẹ tí VA ti gbà wọlé, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Foreign Medical Program. Ẹ forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Ilé ìwòsàn nílé lè má fẹ́ dúró de owó Amẹ́ríkà, torí náà ó ṣeé ṣe kí ẹ kọ́kọ́ san án, kí ẹ wá fi rìsíìtì béèrè rẹ̀ padà. Kí rìsíìtì dárúkọ àìsàn náà àti oògùn, kó má kàn kọ “ìtọ́jú”.

*

Àbúrò ti padà wá! Ó ní òun rí ìwé 2017 gbà lọ́wọ́ yàrá àyẹ̀wò. A1C 6.8 ló wà lókè, lábẹ́ rẹ̀ ni ṣúgà àárọ̀ kó tó jẹun: 131.

O rí nǹkan o! 126 ni ààlà ti ṣúgà àárọ̀. Àyẹ̀wò oríṣi méjì, lọ́jọ́ kan náà, méjèèjì kọjá ààlà. Ìlànà tí àwọn dókítà àtọ̀gbẹ ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà gbà pé ìyẹn tó láti fi pè é ní àtọ̀gbẹ, láìdúró de àyẹ̀wò mìíràn. Ohun tí mo ń bẹ̀rù lókè, pé wọ́n á ní ẹyọ kan kò tó, ti yanjú.

Má béèrè fún Higher-Level Review. Wọn kì í gba ìwé tuntun níbẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ọ̀gá àgbà kan máa tún kà. Supplemental Claim ni tìrẹ, fọ́ọ̀mù 20-0995, torí ìwé yìí jẹ́ ẹ̀rí tuntun. Bí o bá fi í sílẹ̀ kí ọdún kan tó pé lórí lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ yẹn, ọjọ́ tí o kọ́kọ́ béèrè ni wọ́n á ti máa ka owó rẹ. Bó bá ju ọdún kan lọ, o ṣì lè fi í sílẹ̀, àmọ́ ọjọ́ tuntun ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀.

Gbé ìwé náà lọ bá dókítà rẹ ti ìsinsìnyí. Kó kọ pé òun ti wo èsì 2017, pé àtọ̀gbẹ irú kejì ni, pé oúnjẹ ṣíṣọ́ ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ nígbà náà, pé àìsàn yẹn kan náà ni wọ́n dárúkọ ní 2019. Kí ìyàwó rẹ náà kọ tirẹ̀, bó bá gbà: ohun tí o yé jẹ nínú ilé ní 2017, bí o ṣe ń jí lóru láti mu omi àti láti tọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ ka ọ̀rọ̀ ẹni tó wà nílé mọ́ ẹ̀rí. Sì bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ kí dókítà yẹn wo ẹsẹ̀ rẹ nígbà tó bá wà níwájú rẹ.

Ọjọ́ wo ló wà lórí lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ náà? Kọ ọ́ síbí lónìí.